Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Mọ́tò Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tá a jọ ń jẹ ìyà ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹ dákun ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Nínú gbogbo ohun tó ń pa èèyàn lẹ́kún láyé, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé gíga mọ́tò ló sọ bàbá ọlọ́mọ di ẹni ẹ̀sín? Ẹlòmíì wà tó jẹ́ owó epo ló ń dà á láàmú. Ẹlòmíì, owó iléèwé ọmọ. Tèmi ni ìka mélòó ló wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà! Ìka, ẹ̀yin èèyàn mi! Ohun tí mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, òun ni gbogbo ayé wá ń bi mí láti Ajárá dé Gbájì. "Tísà, mọ́tò yín mà ti lọ sílẹ̀ jù o." Mo bá gbé e sókè. "Tísà, mọ́tò yín mà ti ga jù o." Háà! Ẹsẹ̀ ta ni mo tẹ̀?

Mi ò ra mọ́tò yìí o, kẹ́ ẹ má baà ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ọ̀ràn. Àbúrò ìyàwó mi ló jẹ mí ní gbèsè, físà rẹ̀ dé, ó ku ọ̀la kó wọ bàálù lọ sí ìlú ọba, ló bá wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí pálọ̀ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, owó ò sí, ẹ gba Golf mi ká fi pa gbèsè náà rẹ́." Ìyàwó mi ní àbúrò òun mà ṣe dáadáa. Ìyá ìyàwó mi gbàdúrà sórí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ilé ṣe àmín. Nínú gbogbo àwọn tó ṣe àmín yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó là á yé mi pé mọ́tò ìje ni!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti yọ nínú irú ìmọ̀ yìí. Ìje tí wọ́n ń pè ní drag, mọ́tò méjì ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, iná á tàn, wọ́n á já bọ́ sáré, mítà 402 péré, ó tán. Ó tán o! Kò sí kọ́nà, kò sí èrò, wọn ò gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan, wọn ò ra àgbọn bọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi ìlànà sí i. Lọ́dún 1951 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè yé fi títì ìgboro ṣe pápá ìje. Ojú ọ̀nà tiwọn tẹ́jú, wọ́n ń gbá a, wọ́n tún ń fọ́n oje kan tó ń lẹ̀ sí i kí táyà lè dì í mú. Oje! Lójú ọ̀nà! Àwa níbí, ọ̀dà tó yẹ kó wà lójú ọ̀nà gan-an là ń wá.

Golf wá rèé, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Tẹ́ ẹ bá tẹ iná lójijì, ẹ̀yìn ni ìwúwo mọ́tò ń sá lọ, iwájú á fúyẹ́, táyà iwájú á máa yí lásán, èéfín á sọ, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń díje á ti lọ. Ìdí nìyí tí àna mi fi rẹ iwájú sílẹ̀ pátápátá, tó gbé ẹ̀yìn sókè, tó sì ki sípíríńgì líle bọ ẹ̀yìn náà, kí ìwúwo lè jókòó síwájú. Ọmọ náà gbọ́n, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo mọ́tò náà níwájú ilé mi: imú nílẹ̀, ìdí lókè, ó rí gẹ́lẹ́ bí ọkọ ìyàwó tí alága ìjókòó ní kó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, tí wọn ò sì ní kó dìde. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ń kọjá lọ síléèwé, wọ́n ń sọ fún un pé, "Ẹ dìde, a ti fún yín ní ìyàwó!"

Ohun tó fi ṣe iṣẹ́ ibi yìí ni wọ́n ń pè ní coilover. Ṣọ́ọ̀kì ni, tí sípíríńgì yí i po, tí ara ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ sì ní ojú bóòtù yíká. Òrùka méjì ló wà lára rẹ̀: èyí òkè ló gbé sípíríńgì dúró, èyí ìsàlẹ̀ ló ń há a mọ́bẹ̀ kó má baà tú. Yí òrùka sókè, mọ́tò á ga. Yí i sísàlẹ̀, mọ́tò á kúnlẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe rọrùn lẹ́nu!

Ẹ wá wo ọ̀nà tí wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó yìí máa gbà. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kì í ṣe ọ̀nà kékeré o. Ẹni tó bá ń lọ sí Kútọnu, sí Lomé, sí Accra, títí dé Abidjan, òun ló ń gbà. Lẹ́bàá ọ̀nà yìí kan náà, ní agbègbè Ọ̀jọ́, ni Volkswagen Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá lọ́dún 1975. Ibùdókọ̀ ibẹ̀ ò tíì gbàgbé, Volks ni wọ́n ṣì ń pè é. Àwọn yẹn mọ ibi tí mọ́tò ń lọ! Ìjàpá ga nílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹ lè wà á gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan ńkọ́? Kòtò ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Lónìí, lójú ọ̀nà kan náà tí wọ́n ti to Ìjàpá, èmi ni mò ń wa ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń fi imú gbálẹ̀.

Lọ́dún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà náà, pé mọ́tò mẹ́wàá á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pé ọkọ̀ ojú irin á gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóòótọ́, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2. Mile 2 ló dúró sí! Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ náà yọjú wo ohun tó wà níwájú, ó ní òun ò lọ mọ́. Ọlọ́gbọ́n ni. Èmi ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́, nítorí náà mo tan iná sí Golf láàárọ̀, mo rọra kúrò nílé, mo bọ́ sí kòtò kìíní, gbàm, sàléńsà. Mo ní kí n yà fún èkejì, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ó ní mo fẹ́ pa òun, ó bú ìyá mi, mo yà padà, gbòǹgán, bọ́ńpà já lápá kan, ọmọkùnrin kan gbé e sáré tẹ̀ lé mi, "Bàbá, irùngbọ̀n mọ́tò yín rèé o," mo fún un lówó, mo gbé irùngbọ̀n sẹ́yìn, mo dé ibi bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ńtì mọ fúnra wọn lóru, tí kò sí ẹni tó gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo fi ẹ̀gbẹ́ gun ún, táyà kan gòkè, àárín mọ́tò jókòó tẹ̀ẹ́ lé e, táyà kejì ń yí lásán, mo wà lórí bọ́ǹpù yẹn ní èmi nìkan pẹ̀lú táì lọ́rùn, mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́yìn, àwọn tó ń ta àgbọn ń wò mí, ẹnì kan nínú wọn ní kí n bọ́ sílẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Kí ó lè fúyẹ́! Èmi!

Gbogbo ẹni tó bá mi gbé e kúrò lórí bọ́ǹpù ló fún mi nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn kan náà sì ni: "Tísà, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè."

Mo gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Tísà, ta lẹ ṣẹ̀?" Mo ní kí ló dé. Ó ní òrùka yìí, sípánà rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ, ó ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu tó ń kọ́ ihò ara òrùka. Mo ní ẹ mú un wá. Ó ní kò sí. Mo ní ta ló ní in. Ó ní bóyá wọ́n ní in ní ọjà Ládípọ̀. Àna mi ńkọ́? Sípánà náà, ó gbé e dání lọ sí ìlú ọba! Ó fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi, ó di sípánà sínú àpótí pẹ̀lú gàrí àti èlùbọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, irú èèyàn wo nìyẹn?

Ẹ tún mọ ibi tí à ń gbé. Òkun wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀sà wà níwájú, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń fẹ́ tọ̀sántòru. Páànù òrùlé ń dógùn-ún, ìṣó ń dógùn-ún, kọ́kọ́rọ́ gééètì mi ò ṣí mọ́ àfi tí mo bá bẹ̀ ẹ́. Ṣé coilover ló máa yè é? Irin ni ara ṣọ́ọ̀kì, alumíníọ́mù ni òrùka, bí omi iyọ̀ bá sì bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, ńṣe ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn, ìyẹ̀fun funfun kan á kún ojú bóòtù, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra pinpin, kò sí bùrọ̀dá tó lè yà wọ́n. Mẹkáníìkì da dísù sí i. Kò gbọ́. Ó da karosíìnì sí i. Kò gbọ́. Ó da Kóòkì sí i, èyí tí mo rà láti mu. Ìyá ìyàwó mi gbé òróró àdúrà wá láti ilé, ìyẹn náà kò gbọ́. Mẹkáníìkì bá mú òòlù àti ṣíísù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, kọ́ǹ, kọ́ǹ, kọ́ǹ, gbogbo àdúgbò gbọ́, òrùka wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, ó sì ní iye tí òun ń gbà fún lílù.

Àárín lílù yẹn ni fóònù dún. Àna mi. Ó gbọ́ ìró òòlù láti ìlú ọba, ó fi igbe ta: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má jẹ́ kó lù ú o! Ẹ sọ fún un kó ní sùúrù!" Ẹni tó gbé sípánà sá lọ ló ń pàrọwà sí mi pé kí n ní sùúrù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin sí mi létí. Ó ní kí n kọ́kọ́ rí i pé afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba. Ó ní ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí mọ́tò wà. Ó ní mi ò gbọdọ̀ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀, àárín gbùngbùn táyà ni kí n ti wọn ọ́n lọ sí etí fẹ́ńdà, torí táyà tó ti jẹ lè purọ́ fún mi. Ó ní kí n fi jáàkì gbé e kí n tó yí òrùka, kí ìwúwo má baà bó ojú bóòtù. Ó ní tí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n má wọn ọ́n lójú ẹsẹ̀, kí n tì í síwájú, kí n tì í sẹ́yìn, kí sípíríńgì lè rí ibi jókòó. Ó ní kí epo dé ìdajì táǹkì. Epo ìdajì táǹkì, láyé tá a wà yìí! Ó wá ní, ẹ gbọ́ o, ẹni tó máa wa mọ́tò gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọn ọ́n, torí ìwúwo rẹ̀ wà nínú ìṣirò. "Ẹ̀gbọ́n, kílò mélòó ni yín?" Mo panu mọ́. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò panu mọ́ ní tirẹ̀; ó pe iye kílò, ó sì bù sí i!

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ táyà: fọkanáísà wa ò ní gééjì, ẹsẹ̀ ló fi ń wọn ọ́n. Ó ta táyà nípàá, ó ní, "Ó ti kún." Ó ta èkejì, ó ní, "Èyí náà ti kún." Mo ní ṣé wọ́n dọ́gba. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ kan náà mà ni mo fi ta á."

Ilẹ̀ tó tẹ́jú: ní Àgbádárìgì! Yanrìn ni wá o, ẹ̀yin ará! Mo gbé jáàkì sí iwájú ilé, mo ń yí i, mo ń yí i, mọ́tò ò gòkè, jáàkì ló ń wọlẹ̀. Mo gbé mọ́tò lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kọnkéré, ẹni tó ń darí mọ́tò ní ibi tí àlejò pàtàkì ń páàkì sí ni, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, àlejò wo? Mo gbé e lọ sí ilé epo kan, wọ́n ní tí mi ò bá ra epo kí n máa lọ, mo ní màá ra epo, wọ́n ní kò sí epo. Mo gbé e lọ sí Marina ti Àgbádárìgì níbí. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, láti ọdún 1845, ó dúró síbẹ̀ dòní ní gíga tí wọ́n kọ́ ọ sí, ẹnikẹ́ni ò sì ń kọjá kó ní ó ti ga jù. Mo ní níbi tí ilé ti rí ojú rere, bóyá mọ́tò náà á rí i. Àwọn tó ń mú àlejò wo ìlú kàn ní Golf mi ń ba fọ́tò jẹ́.

Níkẹyìn, a rí ìpìlẹ̀ ilé kan tí wọ́n da kọnkéré sí tí olówó rẹ̀ ò sì tíì padà wá. Ó tẹ́jú. Mo fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó sínú mọ́tò? Tí mo bá jókòó, ta ló máa di iná tọ́ọ̀ṣì mú, ta ló máa mú téèpù, ta ló máa rí i pé mẹkáníìkì ò lù ú mọ́? Mẹkáníìkì ní òun ní ọgbọ́n. Ó wá àpò, ó bu yanrìn kún un, ó gbé e sórí ìjókòó awakọ̀, ó ní, "Tísà, ẹ̀yin rèé." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó tún lọ bu àpò kejì.

Àpò ìrẹsì ni o. Àpò ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Nísinsìnyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yìí, ẹ ti ń di orí mú. Kì í ṣe òní ni mọ́tò yìí ti ń kó mi bá àwọn oníkákí tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka tí wọ́n wà, torí mi ò fẹ́ wàhálà, àti pé aṣọ wọn pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ. Àwọn tó ń kó ìrẹsì gba ẹnubodè máa ń gbé ẹ̀yìn mọ́tò wọn sókè, wọ́n á ki sípíríńgì líle bọ̀ ọ́, kó lè jẹ́ pé bí ẹrù ti lè wúwo tó, ẹ̀yìn ò ní jókòó. Tèmi náà, sípíríńgì líle, ẹ̀yìn sókè! Wọ́n á na igi sójú ọ̀nà: "Bàbá, ẹ páàkì. Mọ́tò fàyàwọ́ nìyí." Mo ní mọ́tò ìje ni. Wọ́n ní ìje láti ibo dé ibo, ṣé láti Seme dé Agbára? Wọ́n wò mí, wọ́n wo ewú orí mi, wọ́n wo páálí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òfin ti de mọ́tò tó ń gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2017, kí n mú ìwé wá. Mo mú ìwé wá. Wọ́n ní ìwé náà ti pé jù, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé tó báyìí ní ohun tó ń fi pa mọ́. Mo lọ sílé, mo ní kí mẹkáníìkì rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ kó bá iwájú dọ́gba. Lọ́jọ́ kejì: "Bàbá, ẹ páàkì. Kí lẹ gbé tó tẹ mọ́tò yín mọ́lẹ̀ báyìí?"

Ṣé ẹ rí i? Tó bá ga, mo fẹ́ lọ kó ìrẹsì. Tó bá lọ sílẹ̀, mo ti kó o dé!

Wọ́n wá bá mi lórí ìpìlẹ̀ ilé aláìparí nírọ̀lẹ́, mọ́tò wà lórí jáàkì, òrùka wà nílẹ̀, àpò ìrẹsì méjì jókòó sípò awakọ̀ tí mẹkáníìkì tún fi bẹ́líìtì dè kó má baà ṣubú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti kí wọn kú iṣẹ́, ọ̀kan ti fa ọ̀bẹ yọ, mo ní "Ọ̀gá, yanrìn ni," ó ní "gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀," mo ní ìwúwo mi nìyẹn, ó ní kí lẹ wí, mo ní èmi nìyẹn, èmi ni mo wà nínú àpò yẹn, ó wo èkejì rẹ̀, èkejì rẹ̀ sún mọ́ mi bóyá mo mu ọtí, ó fi ọ̀bẹ la àpò láti òkè délẹ̀, yanrìn tú jáde ṣàà, ó kún ìjókòó, ó kún ẹsẹ̀ búréèkì, ó wọ inú ojú irin tí ìjókòó fi ń lọ síwá sẹ́yìn, ìjókòó náà há síbẹ̀ dòní, orúnkún mi ń kan sítíárì, wọ́n dúró, wọ́n wo yanrìn, èmi náà wò wọ́n, mo ní Ọlọ́run ti dá mi láre, àfi bí ọ̀gá wọn ṣe gbin, tó ní: "Ta ló fún yín láṣẹ láti máa wa yanrìn?"

Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tí kò bá tíì ṣe nínú yín, ó ń bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù, torí pé mo gbé e sókè náà kọ́ ló parí ọ̀rọ̀. Tí iwájú Golf bá ga jù, igun tí sháàfù fi ń wọ táyà á tẹ̀, gbogbo kọ́nà tí mo bá yà á máa ké kà-kà-kà, ewúrẹ́ á sá, àwọn èèyàn á bojú wẹ̀yìn. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ṣọ́ọ̀kì á kan rọ́bà tó wà nínú rẹ̀, kò sí ibi tó máa lọ mọ́, kòtò tí kò bá sì rí ṣọ́ọ̀kì bá jà, ìdí mi ló ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìgbà tí gíga bá yí padà, ojú táyà á yà kúrò lọ́gbọọgba, ó di dandan kí n lọ ṣe àláímẹ̀ntì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà á jẹ lápá inú níbi tí ojú ò tó, ẹ ó rò pé tuntun ni. Oníàláímẹ̀ntì ti mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Tó bá rí mi lókèèrè, ńṣe ló ń ṣí ìwé owó rẹ̀.

Ilé ńkọ́? Ìyá ìyàwó mi ò wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tó wà nílẹ̀, Màmá ní òun ò lè dìde nínú rẹ̀, pé àfi kí wọ́n fa òun jáde lójú gbogbo ìjọ. Mo gbé e sókè, Màmá ní orúnkún òun ò lè gùn ún. Mo béèrè pé níwọ̀n ibo ni Màmá fẹ́ kó wà. Ìyàwó mi ní ṣé bí mo ṣe ń bá ìyá òun sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, mo bú ẹnikẹ́ni bí?

Ìyàwó mi ní kí n tà á. Tà á fún ta ni? Àwọn ọmọ tó ń fẹ́ mọ́tò ìje ní mo ti gbé e ga jù, mo ti ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́. Àwọn tó ń fẹ́ mọ́tò ojoojúmọ́ ní ó ṣì lọ sílẹ̀ jù. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ló lọ tì mọ́lẹ̀ bóyá á jókòó, ó ní, "Bàbá, sípíríńgì yìí dára o, àpò mélòó ló ń gbà?" Mo lé e.

Ibi tí mọ́tò náà wà báyìí ni pé iwájú ọ̀tún ga, iwájú òsì ò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, torí ọjọ́ tí yanrìn tú yẹn ni òrùka òsì ti há, kò sì yí sókè, kò yí sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń rìn wọ ìlú. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mi ò tọrọ owó lọ́wọ́ yín, mi ò sì fẹ́ ìmọ̀ràn mọ́, ìmọ̀ràn tó wà lọ́wọ́ mi á tó pín. Sípánà ni mo ń wá: èyí tó tẹ̀ kọrọdọ, tó ní eyín kan lẹ́nu. Ẹni tó bá ní in láti Tòpò títí dé Ajárá, kó jọ̀wọ́ yá mi, màá dá a padà lọ́jọ́ kan náà. Kó ṣáà fi bébà wé e wá, kí àwọn oníkákí má baà rí i.